Ewé Emi Lórí Ẹrù Ìyá Mi

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi fi dà mí láàmú fún odidi ọdún kan. Inú lẹ́tà ló ti ń bi mí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé, akọ̀wé kan ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bá a kọ ọ́, ẹni náà a sì fa ìlà méjì sábẹ́ ìbéèrè náà kí n má baà fojú fò ó: "Ọkọ rẹ ti kú. Kí lo wá ń dúró dè ní ìlú onílùú?"

Gbogbo ohun yòókù tó bá wà nínú lẹ́tà ni mo máa ń fèsì sí. Màá béèrè àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, màá béèrè ewúrẹ́ tó bí ìbẹta, màá sọ pé aṣọ tí mo rán wà lọ́wọ́ awakọ̀ báyìí báyìí. Tó bá kan ìbéèrè yẹn, ọwọ́ mi á dúró. Kì í ṣe agídí. Mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ ni.

Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ mi dé Dáṣà. Ó ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì nínú ọjà ibẹ̀ kó tó fẹ́ mi. Ohun tó sọ fún mi nípa ìlú náà ni pé òkè pọ̀ níbẹ̀. Pọ̀ kẹ̀? Wọ́n ní mọ́kànlélógójì ni. Èmi ò kà wọ́n, ọrùn ń dùn mí. Ibi yòówù tí o bá kọjú sí, òkè ti dúró síbẹ̀ tó ń wò ọ́. Ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, oko wà láàárín àpáta, orí àpáta náà ni àwọn obìnrin ń sá èlùbọ́ sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo bi ọkọ mi pé, "Ṣé òkúta làwọn èèyàn yìí ń jẹ ni?" Ó ní kí n ní sùúrù. Iṣu tí mo wá rí tí wọ́n ń wà jáde láàárín òkúta yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí nílé bàbá mi.

Èdè wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé n ó di odi láàárín àwọn tó ń sọ Faransé. Àfi bí mo ṣe dé ọjà tí mò ń gbọ́ àwọn Ìdáàṣà, àwọn ọmọ ìlú náà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tó ń ṣe mí bíi kí n dá sí i. Kì í ṣe Yorùbá tiwa, kì í sì í ṣe àjèjì. Ó ń dún létí mi bí ìgbà tí ìyá ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ti darúgbó: mò ń gbọ́ ìdajì, mò ń fi ọkàn gbé ìdajì. Táwọn náà bá gbọ́ tèmi, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Èmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!

Aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ kan tí mo gbé wá láti ilé, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo sì jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta gbáko tí ẹnikẹ́ni kò yà. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Màmá Sẹsílì, ìyàwó àgbẹ̀ kan lọ́nà Kpingni, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí kì í fi ìsìn ọjọ́ Àìkú ṣeré. Ó fẹ́ aṣọ funfun fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ gba kọmúníọ̀. Mo rán an, mo gbé e lọ fún un lóko. Ó yí inú aṣọ náà síta, ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Inú rẹ̀ dára bí ẹ̀yìn rẹ̀." Mi ò tíì gbọ́ ìyìn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Kí oṣù tó parí, ìyá mẹ́jọ ti kó aṣọ wá, orúkọ mi sì ti di Aránṣọ.

Ọjọ́ tí mo gbé aṣọ funfun yẹn lọ náà ni mo ro èrò òmùgọ̀. Bí mo ṣe dìde pé mò ń lọ, Màmá Sẹsílì gba àpò lọ́wọ́ mi, ó fi kọ́ èjìká, ó ṣíwájú. Nílé, téèyàn bá sin àlejò, ó dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá pọ̀ jù, ó dé ẹ̀yìn ilé kejì. Obìnrin yìí ń lọ ní tirẹ̀. A kọjá oko iṣu, a kọjá odò kékeré, ó ń lọ. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé ilé mi ló fẹ́ mọ̀, kó lè wá yá nǹkan lọ́la. Nígbà tí a dé ìdí igi emi ńlá kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta pẹrẹsẹ, ó dúró, ó sì dá àpò mi padà fún mi.

"Ibí ni ilẹ̀ wa parí sí," ó ní. "Àlejò kì í gbé ẹrù lórí ilẹ̀ wa."

Ó sì yíjú padà sílé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọdún karùn-ún ni ọkọ mi kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré. Àwọn Mùsùlùmí ọjà, ẹlẹ́sìn bíi tirẹ̀, ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Dáṣà kì í ṣe ilẹ̀ tí ọkọ́ ń wọ̀ bọ̀rọ̀. Ọkùnrin méje ló gbẹ́ sàréè náà, Kátólíìkì ni mẹ́fà nínú wọn, Bàbá Bẹnuwá, ọkọ Màmá Sẹsílì, ló ṣáájú wọn. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nígbà tó wá kí mi. Ó ti bó. Mi ò ránṣẹ́ pè é o. Ó gbọ́ ni, ó sì wá.

Ìgbà tí gbogbo wọn lọ tán ni mo wá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdánìkanwà. Mo máa ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, kí ariwo ṣáà lè wà nínú ilé. Mo lè padà lọ sílé. Kò sẹ́ni tó so mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di ẹrù. Tí mo bá dì í tán, n ó rántí aṣọ ẹnì kan tí mi ò tíì parí, n ó sì tú u. Lẹ́tà ìyá mi á tún dé. Kí lo ń dúró dè? Ṣé n ó kọ̀wé sí i pé nítorí apá aṣọ kan ni?

Ní àsìkò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, Ṣẹ́fù lẹ ìwé mọ́ ògiri gáà. Gáà ni wọ́n ń pe ibùdókọ̀ rélùweè níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni Ṣẹ́fù, ọ̀dọ́mọkùnrin Fọ̀n kan láti etí òkun tí fìlà rẹ̀ kì í wọ́. Ó ka ìwé náà fún wa ní Faransé, ó tún un sọ ní Fọ̀n, àwọn tó gbọ́ sì tún un sọ ní ti ìlú. Wọ́n fẹ́ ti ojú irin pa fún ọjọ́ mẹ́fà, láàárín Dáṣà àti ibùdó kékeré kan lápá ìsàlẹ̀. Òjò ti gbá òkúta abẹ́ irin lọ, afárá kan sì ti ń mì. Wọ́n fẹ́ tún un ṣe kí àwọn èrò tó ń wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà tó dé, nítorí èrò ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Tó bá yá, wọ́n á tún ti apá kejì tó kángun sí ìlú. Ọkọ̀ láti Kútọnu á dúró ní ibùdó kékeré yẹn, òmíràn á máa dúró de èrò ní Dáṣà láti gbé wọn lọ sí Parakú. Láàárín méjèèjì, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ló wà.

"Àwọn tí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá gbà ńkọ́?" mo bi í.

Ṣẹ́fù wo ẹsẹ̀ mi. "Madáàmù, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ohun tí Ọlọ́run dá yẹn fún."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Bẹnuwá. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó dúró láàárín àwọn onísu, ó ní, "Kí irin tó dé, ibo làwọn bàbá wa ń gbà? Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọ̀nà náà." Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti ṣán ọ̀nà oko àtijọ́ yẹn láti ibùdó kékeré títí dé ìlú. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ṣán tirẹ̀ dé ààlà, wọ́n gbé ìkòkò omi síbẹ̀, wọ́n yan ẹni tí yóò máa gba ẹrù àlejò lọ́wọ́ ilé tó ṣáájú. Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ ní àwọn á máa fi gbé arúgbó. Kò sí ìjọba níbẹ̀, kò sí fàdá, kò sẹ́ni tó béèrè pé èló. Èmi tí mo wá láti ibi tí aláàárù ti ń bá ọ dúnàádúrà kó tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wò wọ́n. Mo ní, ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ojú irin pa, Ṣẹ́fù ránṣẹ́ pè mí. Fóònù gáà, àpótí dúdú kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ló ń pè mí láti Kútọnu. Ọmọ ìlú wa kan ń ṣiṣẹ́ ní gáà níbẹ̀, òun ló ṣètò ìpè náà. Mo gbé e sétí.

"Ìwọ nìyẹn?" Ìyá mi ni! Ọdún mẹ́fà tí mi ò gbóhùn rẹ̀.

"Èmi ni, ìyá mi. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu. Ṣé àlàáfíà ni ẹ dé—"

"Di ẹrù rẹ. Mo wá mú ọ lọ sílé ni. Ọ̀la ni mò ń bọ̀."

"Ìyá, ẹ ní sùúrù, wọ́n ti ojú irin pa. Ẹ dúró ní Kútọnu fún ọjọ́ mẹ́ta sí i."

"Kí n dúró lọ́dọ̀ ta ni? Àbí ìlú tí o fi ń yangàn fún mi nínú lẹ́tà, wọn ò ní ọ̀nà níbẹ̀?"

Fóònù kú. Ṣẹ́fù yí i títí, ó mi orí. Mo bọ́ síta gáà, mo jókòó sórí òkúta, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ayọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Orúnkún ìyá mi kò dára, kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Fọ̀n, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Wọ́n fẹ́ já a sílẹ̀ láàárín igbó. Tí ìyà bá wá jẹ ẹ́ lọ́nà, kí ni n ó fi sọ fún un pé ìlú yìí dáa? N ó kàn gbé ẹrù mi tẹ̀ lé e ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti wà ní gáà láti àárọ̀ kùtùkùtù. Nígbà tó sún mọ́ ọ̀sán, ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ìyá mi kò sí nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ ní òun rí màmá kan tó sán aṣọ àdìrẹ, tó ní òun ò lè jókòó ti ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́, ló bá bá àwọn ará oko lọ. Mo ní ìyá mi nìyẹn, kò sí méjì rẹ̀. Mo gba ọ̀nà oko lọ pàdé rẹ̀, eré ni mò ń sá.

Ìdí igi emi ni mo dé, níbi àpáta pẹrẹsẹ yẹn. Ẹrù kan wà lórí àpáta, òun nìkan. Mo mọ aṣọ tí wọ́n fi dì í, kí n tó lè rìn ni mo ti mọ̀ ọ́n: àdìrẹ ìyá mi, èyí tí etí rẹ̀ kan ti jó. Kò sí èèyàn nítòsí. Wọ́n sì ti fi ewé emi tútù kan há ojú ìdì rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí bàbá mi bá fi ewé há igi ìdáná tàbí òkìtì iṣu, ààlè ló pa sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Ta ló wá pààlè sórí ẹrù ìyá mi? Ta ló fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀? Mo pe ìyá mi títí ohùn mi fi há. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ojú irin ṣe, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ igbe mi. Ó ké sí mi pé ọkọ̀ akẹ́rù tún ti kọjá, pé òun rí màmá àgbàlagbà kan nínú rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi, ni mo rò. Ó ti rẹ ìyá mi, ó ti wọ ọkọ̀, ẹni tó bá a gbé ẹrù sì ti fẹ́ fi jẹun. Mo fa ewé náà yọ, mo jù ú sínú igbó, mo tutọ́ sí i. Mo gbé ẹrù náà karí, ó wúwo bí ọlọ, mo gbé e délé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo sáré padà sí gáà. Màmá tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà, ìyá ẹlòmíràn ni.

Mo ṣì dúró níbẹ̀ tí mò ń mí gúlegúle nígbà tí Màmá Sẹsílì dé. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, omi ojú ti dà pọ̀ mọ́ òógùn. Àwọn tó wà ní gáà yí i ká.

"Ẹrù àlejò ti sọnù lórí àpáta wa," ó ní.

Ìyá kan káwọ́ lérí. Wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀ rí, láti ìgbà bàbá bàbá Bẹnuwá kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹrù á sùn síbẹ̀, á jí síbẹ̀. Ewé ṣáà wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tí inú bí tó mi. Mo pariwo pé, "Ọ̀dájú wo ló ṣe irú èyí? Irú àwọn èèyàn yìí lo lè jí nǹkan lọ́wọ́ wọn? Ọwọ́ tó gbé e kò ní mókè láéláé!"

Màmá Sẹsílì dì mí lọ́wọ́ mú. "Aránṣọ, rọra. Ẹrù ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ wà nílé wa, ara rẹ̀ le. Orúnkún rẹ̀ ló ní kó sinmi, la bá jẹ́ kí ẹrù ṣáájú. Èmi ni mo fi ewé sí i, kí ará ilé kejì tó ń bọ̀ wá gbé e lè mọ̀ pé ti àlejò ni. Mi ò mọ ojú tí màá fi wò ọ́."

Èpè tí mo ṣẹ́ ṣì gbóná lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, ẹ máa tẹ̀ lé mi kálọ."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ó rí ẹrù náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wo ẹrù, ó wò mí.

"Ìwọ?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kò rí ewé ni?"

"Mo rí i. Ní ìlú tiwa, tí a bá rí ewé lórí nǹkan, ààlè ni. Mo rò pé olè ló fẹ́ gbà á."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rín. "Bàbá kò tíì jókòó láti ìgbà tó ti gbọ́," ó ní. "Kò mu omi. Ó ní ilẹ̀ òun ti di ilẹ̀ olè."

Ẹrù yẹn tún wúwo sí i nígbà tí mò ń gbé e padà. Mo ro irọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà, ọ̀kan kò dúró. Àti pé iwájú ìyá mi ni n ó ti sọ ọ́, ìyá tó wá fà mí kúrò níbẹ̀.

A dé ilé wọn. Ìyá mi wà lórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú agbo ilé náà, wọ́n ti fi òrí pa orúnkún rẹ̀, ó ń dán. Níwájú rẹ̀, wọ́n ti to nǹkan sílẹ̀: iṣu, aṣọ méjì tí wọ́n ṣẹ́ dáadáa, igbá tuntun, àkùkọ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Gbogbo ilé ló mú nǹkan wá láti fi dí ohun tó sọnù. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà. Èmi ni mo rán an. Aṣọ tí Màmá Sẹsílì fi ń lọ sí ìsìn Àjíǹde ni. Bàbá Bẹnuwá dúró gbàgà lẹ́bàá ògiri, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè.

Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mi ò lè kí ìyá mi pàápàá.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo gbé e."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ewé, ààlè, itọ́ tí mo tu. Bàbá Bẹnuwá wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ewé náà dà?"

"Mo jù ú nù, Bàbá."

"Lọ já òmíràn. Gbé ẹrù padà sórí àpáta."

Mo gbé e padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan! Mo fi ewé há a bí mo ṣe bá a, mo sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá, tó ti tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀, fi òṣùká sórí, ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀ ọ́, ó rù ú fúnra rẹ̀ dé iwájú ìyá mi, ó gbé e sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹrù yín rèé. Ẹ tú u wò." Ìgbà náà ló tó jókòó, ó tó gba omi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe gbé igbá kúrò lẹ́nu, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo agbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rín títí mo fi ń wá ibi tí n ó forí pamọ́ sí.

Ìyá mi kò tú ẹrù náà. Èmi ló ń wò.

"Ní ọ̀sán yìí," ó ní, "obìnrin kan gba ẹrù lórí mi, mo pariwo olè lé e lórí. Ó kàn ń bá mi rẹ́rìn-ín ni. Ọkùnrin kan gbé mi sórí kẹ̀kẹ́, ó ń tì mí gẹ́gẹ́ bí ẹyin. Ilé mẹ́rin ni mo kọjá, ilé mẹ́rin ló fún mi lóúnjẹ. Mo wá mú ọmọ mi kúrò láàárín àjèjì, kí wọ́n má baà yàn án jẹ." Ó nawọ́ sí mi. "Olè kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo ìlú yìí, ọmọ mi ni. Ta ni kí n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Oṣù kan ló lò lọ́dọ̀ mi. Ó ń lọ sóko pẹ̀lú Màmá Sẹsílì, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní Ìdáàṣà, ọ̀kan ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sì jọ ṣi ara wọn gbọ́. Kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Èmi ni ìbéèrè ọ̀hún kò fi lọ́kàn sílẹ̀, torí mi ò tíì fi ẹnu ara mi dá a lóhùn. Ìyẹn ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ padà ni Ṣẹ́fù tún lẹ ìwé mọ́ ògiri: apá kejì, tó kángun sí ìlú. Ọ̀nà tí àwọn èrò á gbà lọ́tẹ̀ yìí gba iwájú ilé mi kọjá. Bàbá Bẹnuwá wá fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀, láti ògiri ilé mi dé ìdí igi emi yẹn.

"Tìrẹ nìyẹn, Aránṣọ. Láti ibí dé àpáta. Ọwọ́ rẹ ti mọ ẹrù gbé ní tìẹ."

Wọ́n ò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi ń lọ, mo já ewé emi, mo fi há ojú ìdì àdìrẹ náà, mo gbé e karí. Nígbà tí a dé àpáta, Màmá Sẹsílì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣùká. Mo fẹ́ máa bá wọn lọ, kí n sin ìyá mi dé ìdí ọkọ̀.

Ìyá mi na ọwọ́ dí mi lọ́nà. "Ṣé kì í ṣe ibí ni tìrẹ parí sí?"

"Ibí ni, ìyá."

"Padà sílé, nígbà náà. Èèyàn lè ti máa dúró dè ọ́."

Mo dúró títí n ò fi rí gèlè rẹ̀ mọ́ láàárín oko iṣu. Mo sunkún délé, mi ò ní purọ́. Níwájú ilé mi, àwọn ará gáà ti gbé ẹrù kan sílẹ̀, ewé tútù wà lórí rẹ̀. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ Parakú, dúró tì í, ó ń wo ewé náà, ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kàn án.

Mo nu ojú mi, mo tẹ̀ ba, mo gbé ẹrù rẹ̀ karí.

"Má bẹ̀rù," mo wí fún un. "Àlejò kì í gbé ẹrù lórí ilẹ̀ wa."